Ẹ Má Wó Ṣọ́ọ̀ṣì Àwọn Bàbá Wa: Ohun Tí Mo Rí ní Ìgbèríko Ítálì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé sí yín lónìí bẹ̀rẹ̀ níbi ìpàdé ìjọ kan ní ìlú ìbí mi ní Èkìtì, ìlú tí n kò ní dárúkọ nítorí pé n kò fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni. Ní ìpàdé náà, ìgbìmọ̀ ìkọ́lé kéde pé àwọn fẹ́ wó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí àwọn bàbá wa kọ́, èyí tí àwọn ìyá wa pọn omi rẹ̀ láti odò, tí àwọn ọkùnrin fi ẹsẹ̀ po amọ̀ rẹ̀, kí wọ́n lè kọ́ tuntun tí yóò jẹ́ gíláàsì láti òkè délẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé ògiri rẹ̀ ti sán, àti pé ó yẹ kí ilé Ọlọ́run tiwa náà dà bí ti ìlú Òyìnbó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo tíì lò nílé nígbà náà lẹ́yìn tí mo ti ìlú Òyìnbó dé. Mo na ọwọ́ sókè láti sọ ohun tí mo rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n sì ní kí a gbàdúrà ìparí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí mo mọ̀ pé ìjọ tiwa nìkan kọ́ ni irú ọ̀rọ̀ yìí wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ń ṣiṣẹ́ ní Padova, ìlú kan ní ìhà àríwá Ítálì tí kò jìnnà sí Venice. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló ní kí n wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ àwọn. Wàhálà ìwé ìrìnnà gùn ju kí n máa rò ó síbí lọ. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa, ohun tí mo mọ̀ nípa Ítálì kí n tó lọ kò ju Róòmù àti Póòpù, àti Venice tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi rìn láàárín ilé. Nígbà tí ọmọ mi wá sọ pé, “Bàbá, oko ni mo fẹ́ mú yín lọ,” inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí mo rò pé ọmọ Èkìtì kò ní ohun tuntun tí yóò lọ wò lóko ẹlòmíràn. Èmi tí mo ti fi òwe oko baba ẹni kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, n kò rántí pé òwe náà lè bá mi wí.

Ibi tí a kọ́kọ́ lọ ni Villa Emo, ní abúlé tí ń jẹ́ Fanzolo. Villa ni wọ́n ń pe ilé ńlá tí ọlọ́rọ̀ kọ́ sí ìgbèríko. Àárín ni ilé tí olóko ń gbé wà, ó ga, ó ní òpó mẹ́rin níwájú bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin. Láti ọ̀tún àti òsì rẹ̀, apá gígùn méjì nà jáde bí ìyẹ́ ẹyẹ, wọ́n kan lọ salalu, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń kó ọkà, irinṣẹ́ àti ohun ọ̀sìn sí láyé àtijọ́. Ní ìparí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, ilé gogoro kan wà tí àwọn ẹyẹlé ń gbé. Ẹni tó ni ilẹ̀ lè rìn láti yàrá rẹ̀ dé ibi tí àká wà nínú òjò kí ara rẹ̀ má tutù. Nígbà tí mo rí èyí, mo dúró jẹ́ẹ́, nítorí ilé bàbá àgbà mi ni mo rí: pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé lókè, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àpò kòkó jọ sí, tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó ya àwòrán tí wọ́n fi kọ́ Villa Emo ni Andrea Palladio. Ní Padova gan-an ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1508, ọmọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lílọ ọkà ni, iṣẹ́ gbígbẹ́ òkúta ló sì kọ́kọ́ kọ́ kó tó di ẹni tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń wá láti ya ilé fún wọn. Ó kú ní ọdún 1580. Láyé rẹ̀, àwọn oníṣòwò Venice tí òkun ti sọ di ọlọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀, nítorí ọ̀nà òwò tuntun tí àwọn Potogí là sí Íńdíà àti agbára àwọn ará Tọ́kì lórí omi ti ń já owó wọn gbà, ìlú Venice fúnra rẹ̀ sì nílò ọkà láti jẹ. Wọ́n fa omi kúrò nínú ẹrẹ̀, wọ́n sọ àbàtà di oko, wọ́n sì ní kí Palladio kọ́ ilé tí yóò bá oko náà mu. Ẹni tó mú wa yíká ní Villa Emo sọ pé ìdílé tó ni ilẹ̀ náà wà lára àwọn tó tètè gba àgbàdo nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé. Títí di òní, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò bí ọkà, tí wọ́n ń pè ní polenta, ni oúnjẹ àwọn ará agbègbè náà. Mo jẹ ẹ́. Kò lè rọ́pò iyán lẹ́nu ọmọ Èkìtì, ṣùgbọ́n oúnjẹ àgbẹ̀ ni, ó sì dúró nínú.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ìgbìmọ̀ wa fara balẹ̀ kà. Mo rò pé òkúta iyebíye ni wọ́n fi kọ́ àwọn òpó yẹn. Ọmọ mi tọ́ka sí ibi tí ara òpó kan ti bó díẹ̀, mo sì wò ó: bíríkì ni! Amọ̀ tí wọ́n sun níná ni wọ́n tò yípo, tí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé rẹ́ ẹ, títí ó fi dán bí òkúta. Bíríkì, ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹ àti pákó ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilé Palladio. Orí òpó àti ìdí rẹ̀ nìkan ni wọ́n sábà máa ń fi òkúta gbẹ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé amọ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wa, pé kò lè pẹ́, kí a rántí pé ọ̀pọ̀ nínú ilé tí gbogbo ayé ń wọkọ̀ òfuurufú lọ wò, láti inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wa á, ó sì ti lé ní irinwó ọdún. Ìtọ́jú ló mú wọn pẹ́: ẹnìkan ń gun òrùlé lọ́dọọdún láti wo ibi tó ń jò, ẹnìkan sì ń rẹ́ ògiri kí omi tó wọlé sí i. Àjọ UNESCO kọ orúkọ ìlú Vicenza sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 1994 nítorí iṣẹ́ Palladio, nígbà tó sì di 1996, wọ́n fi àwọn villa rẹ̀ míràn tó wà káàkiri ìgbèríko kún un, tí gbogbo villa inú ìwé náà fi di mẹ́rìnlélógún.

A tún lọ sí èyí tó wà ní Maser, tí Palladio kọ́ fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Daniele àti Marcantonio Barbaro. Kí a tó wọlé, wọ́n fún wa ní sálúbàtà aláṣọ ńláńlá kí a wọ̀ ọ́ lé orí bàtà wa, kí ẹsẹ̀ wa má baà ha ilẹ̀ ilé. Nínú ilé náà, ayàwòrán Paolo Veronese ti ya àwòrán sára ògiri àti àjà nígbà tí ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kò tíì gbẹ, kí ọ̀dà lè wọnú ògiri, kí ó má sì ṣí. Ó ya ilẹ̀kùn tí kò sí, ọmọbìnrin kékeré kan sì ń yọjú lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wo àlejò. Ó ya ìyàwó ilé náà àti alágbàtọ́ rẹ̀ sí òkè, wọ́n fara ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo gbogbo ẹni tó bá wọlé nílẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí ìyá náà. Lẹ́yìn ilé, omi kan ń sun láti ara òkè. Palladio fúnra rẹ̀ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe darí rẹ̀: ó kọ́kọ́ kún adágún tí ẹja wà, lẹ́yìn náà ó gba ilé ìdáná kọjá, kó tó lọ bomi rin ọgbà. Ìdílé kan ṣì ń gbé inú ilé náà títí di òní, wọ́n sì ń fi àjàrà tó wà níwájú rẹ̀ ṣe wáìnì tà. Owó ìwọlé tí àlejò ń san àti owó wáìnì wà lára ohun tí wọ́n fi ń tún òrùlé ṣe. Ilé tí èèyàn ń gbé, tí oko ń bọ́, tí àlejò sì ń kí, mo rí i pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ń pẹ́. Èyí tí wọ́n tì pa ni àgùtàn ń sùn sí, a sì rí irú wọn lójú ọ̀nà pẹ̀lú, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ilé àtijọ́ ilẹ̀ Ítálì ló rí ìtọ́jú.

Villa Rotonda tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Vicenza ni àwọn èèyàn mọ̀ jù, èyí tí ojú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó mẹ́fà sì wà ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ó lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lọ́kàn bí àwọn ti olóko.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ló gba ọkàn mi. Ní orí òkè kan láàárín oko àjàrà, ní San Pietro di Feletto, ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan wà tó kéré ju tiwa lọ. Kò ní gíláàsì, kò ní ilé gogoro tó kan ọ̀run. Òrùlé kékeré kan bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ sì ni wọ́n ya àwòrán Kristi kan sára ògiri ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní Kristi Ọjọ́ Ìsinmi. Olúwa dúró, àpá wà lára rẹ̀, gbogbo ohun tí àgbẹ̀ àti oníṣọ̀nà fi ń ṣiṣẹ́ sì yí i ká. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbé irinṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, ara Kristi ló ń gún. Ẹni tí kò mọ̀wé kà ni wọ́n yà á fún, kí ó tó wọlé ni yóò ti gbọ́ ìwàásù. Mo rántí àwọn bàbá wa tí wọn kì í jẹ́ kí a gún iyán tàbí kí a gbá ilẹ̀ títí ìsìn òwúrọ̀ fi parí, mo sì jókòó sórí àga òkúta tó wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Obìnrin àgbàlagbà kan wá láti ilé kejì, ó ṣílẹ̀kùn fún wa, kò béèrè owó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì míràn tí a lọ, àpótí kékeré kan wà lára ògiri: ẹ ó ju owó ẹyọ sínú rẹ̀, iná yóò tàn sí àwòrán fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì tún kú. Owó ẹyọ yẹn wà fún iná àti ìtọ́jú. Ìjọ wo ní Èkìtì ni kò lè ṣe irú èyí?

Ní ọjọ́ míràn, a lọ sí àárín àwọn òkè tó wà lẹ́yìn Padova. Àwọn mọ́ńkì ìjọ Àgùdà ń gbé ní Praglia láti ìgbà láéláé, wọ́n ń gbàdúrà ní wákàtí wákàtí, wọ́n sì ní yàrá kan tí wọ́n ti ń tún ìwé àtijọ́ tí ikán àti omi ti bà jẹ́ ṣe. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Abano wà, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀. Omi náà gbóná ju ti Ìkògòsì wa lọ, ṣùgbọ́n kò ní omi tútù tó ń ṣàn wá pàdé rẹ̀ bí tiwa, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ ọmọ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Síbẹ̀, àwọn èèyàn ń ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá sùn níbẹ̀ nítorí omi àti ẹrẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì gba ibẹ̀ lọ wo ilé akéwì Petrarca, tó kú ní 1374 ní abúlé kékeré tó ti gba orúkọ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀ báyìí.

Láàárín àwọn òkè yìí kan náà ni Villa dei Vescovi wà, ilé tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Padova ń lọ sinmi sí nígbà ooru. Àwọn tó jogún rẹ̀ fi í fún ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ FAI ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ náà tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo èèyàn ní 2011. Láti ọdún 1975 ni ẹgbẹ́ yìí ti wà, owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ti àwọn olùfẹ́ wọn sì wà lára ohun tó ń gbé e ró. Ní oṣù Ẹrẹ́nà lọ́dọọdún láti 1993, wọ́n máa ń ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ láti ṣí àwọn ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọgbà tí ó sábà máa ń wà ní títì. Ọjọ́ yẹn bọ́ sí àkókò tí mo wà níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà dùn mọ́ mi ju gbogbo villa lọ: àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ló ń mú àlejò yíká. Ọmọdékùnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ dúró níwájú wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé rẹ̀, ó ń gbọ̀n díẹ̀, ó ń sọ fún àgbàlagbà bí èmi ẹni tó kọ́ ibẹ̀, ìgbà tí iná jó o àti bí wọ́n ṣe tún un kọ́. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń nu ojú. Ọmọ tó ti sọ ìtàn ilé kan sójú àlejò báyẹn kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni wó o nígbà tó bá dàgbà.

Ní ti ògiri tó sán, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlú Assisi ní Ítálì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò débẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fún Fransisi Mímọ́ ní 1228 wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1997, ìmìtìtì ilẹ̀ mú kí apá kan àjà rẹ̀ já lulẹ̀, ó sì pa èèyàn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣa ẹ̀rúnrún àwòrán tó fọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju èékánná lọ, wọ́n ń tò ó pọ̀ bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì náà tún ṣí ní oṣù Bélú ọdún 1999. Òfin ìpilẹ̀ ilẹ̀ Ítálì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1948 sọ ọ́ ní abala kẹsàn-án rẹ̀ pé ìjọba ni yóò máa dáàbò bo ilẹ̀ àti ogún ìtàn orílẹ̀-èdè náà. Bí wọ́n bá lè gbé èyí tó wó dìde, ṣé sísán ló yẹ kó mú wa pe katakata?

Èkìtì mọ bí àdánù ṣe ń rí. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní 1924, kò sì padà wálé mọ́; ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dípò rẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì wà ní British Museum ní London dòní. Ọ̀kan nínú òpó tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ́ fún ààfin kan náà wà ní ìlú Chicago. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ náà ní láti tọrọ ìwé ìrìnnà. Ní Ọyẹ́-Èkìtì, láàárín 1947 sí 1954, ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀, níbi tí Father Kevin Carroll ti kó àwọn agbẹ́gilére bíi Bandele ọmọ Areogun àti Lamidi Fakeye jọ, kí wọ́n fi ọwọ́ Yorùbá gbẹ́ ìtàn Bíbélì sára ilẹ̀kùn àti òpó ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí àwọn ará Feletto ṣe lára ògiri, àwọn wọ̀nyí ṣe é lára igi. Ẹ wo iye ilé tí kòkó kọ́ fún wa láti Ìdó títí dé Ìkọ̀lé, àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn dà bí ìlù, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ kìnnìún sí orí wọn, tí ọdún tí wọ́n parí wọn sì wà níwájú gbàgàdà. Páànù wọn ti dípẹtà, àwọn ọmọ wà ní Èkó àti ní òkè òkun, ewúrẹ́ ló ń gun àtẹ̀gùn.

Ìmọ̀ràn mi fún ìgbìmọ̀ wa kò pọ̀. Ilẹ̀ ìjọ náà fẹ̀, kí wọ́n kọ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ àtijọ́. Kí wọ́n pe ẹni tó mọ̀ nípa ilé amọ̀ kó wo ibi tó sán kí wọ́n tó pe kọ́ńtírátọ̀ èyíkéyìí. Kí wọ́n lo èyí tó wà fún ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, fún ìgbéyàwó, fún ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin, kí ó má baà di ilé tí a tì pa. Kí ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú wa sì yan ọmọ mẹ́wàá tí wọn yóò lọ bá àwọn àgbà tó kù jókòó, kí wọ́n kọ ìtàn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ sílẹ̀ kí ẹnu àwọn àgbà náà tó pa mọ́.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní Ítálì, bí wọ́n bá pè yín, ẹ lọ sí ìgbèríko. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí villa kọ̀ọ̀kan ń ṣí, nítorí òmíràn kì í ṣí ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ, òmíràn sì ń tì nígbà òtútù. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ń tì ní ọ̀sán gangan títí di nǹkan bí aago mẹ́ta. Ẹ wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún, èyí tí kò lè ni àwọn ìyá wa lára, ẹ má sì máa rìn káàkiri nígbà tí ìsìn bá ń lọ.

Olóòtú wa, ìpàdé tí wọn yóò ti fọwọ́ sí wíwó ilé náà ń bọ̀ ní òpin oṣù tó ń bọ̀. Mo ti kọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀ṣì náà sínú ìwé kékeré tí mo fi sínú àpòòwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán ayàwòrán yín wá kó wá ya ilẹ̀kùn rẹ̀, òrùlé rẹ̀ àti ibi tí ìka àwọn ìyá wa ṣì hàn lára amọ̀ lẹ́yìn pẹpẹ. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, èmi ni n ó ṣílẹ̀kùn fún un.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Adó-Èkìtì.